Ẹsẹ̀ Tó Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ́fíìsì Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó rí mi tán tí kò kọ̀ mí. Pásítọ̀ wa, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin akọrin, ẹ má tíì dá orin. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná, nítorí ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí a máa ń gbọ́ níbí. Ẹni tó kú nínú rẹ̀ kò jíǹde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣeré lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ ò rí i, mo tún ti ń pàṣẹ. Ẹ má bínú.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni hẹdimísírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ yín ló ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ sì rántí pé lọ́dún tó kọjá, mo jáde síwájú yín, mo ní kí ẹ bá mi gbàdúrà nítorí àwọn ọ̀tá ibi iṣẹ́ mi. Mo ní àwọn tíṣà mi ti gbìmọ̀ pọ̀ sí mi. Tí mo bá wọ yàrá tí wọ́n ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ á kú sí wọn lẹ́nu. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á panu mọ́. Ẹni tó ń jẹun á bo abọ́ rẹ̀. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìjọ dìde, ẹ fẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹ ní kí Ọlọ́run tú àṣírí ọ̀tá náà. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há. Ọlọ́run sì tú u. Òun ni mo wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ tíṣà rí. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi tí à ń pè ní táìmù búùkù. Gbogbo tíṣà tó bá dé láàárọ̀ ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti àsìkò tó dé sínú rẹ̀. Tí aago mẹ́jọ bá lù, èmi á mú báírò pupa, màá fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó dé kẹ́yìn; tí mi ò bá sí níbẹ̀, igbákejì mi á bá mi fà á. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ ìlà pupa ni yóò kọ tirẹ̀ sí. Tó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, kúẹ́rì ni, lẹ́tà pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Àṣà kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Àwọn tíṣà kì í kọ nǹkan kan sí ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n á fò ó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì, nítorí pé ti ọ̀gá ni ìlà àkọ́kọ́. Ìgbàkígbà tí ọ̀gá bá dé, ibẹ̀ ni yóò kọ tirẹ̀ sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Nínú àwọn tíṣà mi, ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Mísísì Ọláìtán. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹta. Ìjoun ló ti ń wá lójoojúmọ́ lórí ọ̀kadà, kò sì lè wá gbé Ayétòrò nítorí ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé màmá náà ṣánlẹ̀, ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, bàbá ti dàgbà, òun nìkan sì ni ọmọ tó kù nítòsí. Láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wẹ màmá, yóò fún wọn ní ògì mu, kó tó lọ wá ọ̀kadà. Nítorí náà, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dé. Tó bá dé, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá mi ni."

Èmi á ní, "Gbogbo wa la ní ìyá, Mísísì Ọláìtán."

Lọ́jọ́ mìíràn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n dá wa dúró lọ́nà." Ẹ mọ ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè, bí wọ́n ṣe máa ń dá ọkọ̀ dúró láti yẹ ẹrù wò. Mo ní, "Ṣé fàyàwọ́ ìrẹsì lò ń ṣe ni, tí wọ́n fi ń dá ọ dúró?" Àwọn tíṣà tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn mọ́ wọn.

Mo fún un ní kúẹ́rì kan, mo fún un ní èkejì. Lẹ́yìn ìkẹta, mo pè é jáde lórí pápá níbi tí a ti ń to àwọn ọmọ láàárọ̀. Níwájú àwọn tíṣà, níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́, mo ní tó bá tún pẹ́, tàbí tó bá tún bẹ̀ mí láti tètè lọ sílé, màá kọ̀wé kí wọ́n gbé e lọ síbi tí yóò ti máa sunkún. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mọ́ létí mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn lọ́dọọdún.

Obìnrin yẹn kàn ní, "Ó dáa, mà." Èmi tún wá gbé ìyẹn lé e lórí. Mo ní ìrẹ̀lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ẹni tó ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, nǹkan wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí mo wọ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ sínú ìwé tí mo fi ń gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe àmín, ẹ ò mọ̀ pé òun ni.

Ọjọ́rú kan ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Mo ti gba ààwẹ̀ yẹn dé ọjọ́ kẹrìndínlógún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ṣùgbọ́n Mísísì Ọláìtán kò pẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Ní bí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mo jókòó sí ọ́fíìsì mi, òróró àdúrà wà lórí tábìlì. Kọ́tìnnì ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà náà, kò sì balẹ̀ tán, èèyàn lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó bá dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ méjì. Bàtà dúdú, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí. Ó dúró. Kò kanlẹ̀kùn, kò ní "ẹ kú iṣẹ́, mà". Ó padà. Kò pẹ́, ó tún dé, ó tún dúró.

Mo ní wọ́n ti dé. Mo ní ohun tí mo ti ń gbàdúrà lé lórí nìyí, wọ́n fẹ́ wá gbé nǹkan sí ẹnu ọ̀nà mi. Mo dìde wẹ́rẹ́, mo mú òróró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ohùn mi sì ń ròkè díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń wá mi bọ̀ fún ibi, ẹ yí padà." Ẹsẹ̀ náà sì yí padà lóòótọ́. Inú mi dùn, ẹ̀yin ará. Mo ní Ọlọ́run ti dáhùn ní kíákíá. Mo da òróró sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ náà dúró sí, mo padà jókòó, mo ń kọrin ọpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Mísísì Ọláìtán kò wá. Mo fa ìlà pupa mi, mo ń retí rẹ̀ lábẹ́ ìlà, kò sí níbẹ̀. Mo ti mú ìwé, mo ti bẹ̀rẹ̀ kúẹ́rì kẹrin, nígbà tí Mísítà Ṣówándé wọlé. Òun ló ń kọ́ ìwé kẹrin, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi bẹ̀rù mi tó àwọn yòókù.

Ó ní, "Mà, ìyá Mísísì Ọláìtán kú lánàá."

Mo ní, "Nígbà wo?"

"Ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Láti aago mẹ́wàá ni bàbá ti pè é pé èémí màmá ti yí padà, pé òun ni wọ́n ń bèèrè."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí kò wá gba àyè lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Ó wá, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo rí i láti kíláàsì mi. Ó ní òun gbọ́ ohùn yín nínú ilé, ó jọ pé inú ń bí yín sí ẹnì kan. Ló bá padà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ títí a fi ṣíwọ́."

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, nítorí pé ilé Ọlọ́run la wà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ìyá tó kú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá wa. Lẹ́yìn náà ni mo wo ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, mo rí ibi tí òróró náà ti gbẹ sí.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ní kí n lọ bá wọn kẹ́dùn ní Ìjoun. Mọ́tò kò fẹ́ gba ọ̀nà yẹn nítorí ẹrẹ̀, ni mo bá gun ọ̀kadà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo kúrò nílé. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ pé bí ọ̀nà yẹn ṣe rí nìyẹn. Ibì kan wà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ tí a fẹsẹ̀ rìn nínú omi. Wọ́n dá wa dúró, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yẹ báàgì mi wò. A rìn síwájú díẹ̀, àwọn mìíràn tún dá wa dúró. Mo fẹ́ bínú. Ọlọ́kadà ní, "Mà, ẹ ní sùúrù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyí." Nígbà tí mo dé Ìjoun, mo wo aago ọwọ́ mi. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń lọ ni, abẹ́ ìlà pupa ni ǹ bá wà, mi ò sì wẹ ẹnikẹ́ni kí n tó kúrò nílé.

Wọ́n ti sin màmá. Bàbá Mísísì Ọláìtán jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ọ̀gá ọmọ wọn ni mí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọ mi máa ń sọ fún wa pé ọ̀gá òun ń tọ́jú òun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí ló ṣe wá lọ́ṣẹ́. Ti àwọn ará Kútọnu ni fóònù wa máa ń gbé. Mo pè é lọ́jọ́ náà títí, mo ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní òun náà ò gbọ́ mi rárá. Ìyá rẹ̀ ń pè é, mo ń sọ fún un pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ lọ́nà."

Mo wo Mísísì Ọláìtán. Ó wolẹ̀. Fóònù yẹn wọlé, ó sì gbọ́ ọ; nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, èmi àti òun nìkan la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó sìn mí dé ìdí ọ̀kadà, mo bi í pé, "Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá?" Kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì gbóhùn sókè. Ó ní, "Mà, kí ni kí n sọ fún wọn? Kí n ní ẹ̀rù èèyàn ló bà mí tí mi ò fi rí ìyá mi kí wọ́n tó kú? Bàbá á bi mí pé irú ọmọ wo lòun bí." Ó wá ní, "Ẹ máa lọ, mà, kí òjò má bàa bá yín lọ́nà."

Láti ọjọ́ yẹn, àdúrà kọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀ ń rí mi níbí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọ aṣọ funfun, mo ń mi orí bí ẹni tó ń gbàdúrà, mi ò gbàdúrà kankan. Ta ni kí n fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run? Mo bèèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ni mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì ni. Mo rò pé kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sísá ni.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ sílé, mo jókòó, mo ṣí táìmù búùkù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wá. Mo fẹ́ ka iye ìgbà tí Mísísì Ọláìtán pẹ́, kí n lè rí nǹkan fi dá ara mi láre. Àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, ìlà tèmi. Aago méje ààbọ̀. Mo ṣí ewé kejì, aago méje ààbọ̀. Mo ṣí i títí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, aago méje ààbọ̀ ni ọwọ́ mi kọ síbẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tí mo dé ní aago mẹ́sàn-án. Mo mọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ya ibi ìsọmọlórúkọ. Mo mọ èyí tó jẹ́ pé oorun ló gbé mi lọ. Tèmi ṣáà ni ìlà yẹn, ìlà pupa kì í sì í dé ibẹ̀. Irọ́ mi ló wà lókè, òótọ́ obìnrin yẹn ló wà lábẹ́ ìlà. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fi ìṣẹ́jú kan parọ́ rí.

Mo jáde, mo lọ dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, níbi tó dúró sí, mo fi ẹsẹ̀ mi lé ojú òróró yẹn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo rántí tíṣà tó máa ń bo abọ́ rẹ̀. Èmi náà ni mo sọ fún un nígbà kan pé ìjọba kò gbà á síṣẹ́ láti máa jẹun. Mo rántí èyí tó máa ń panu mọ́. Ó ti dá àbá kan rí níbi ìpàdé, mo ní kó lọ dá a fún ọkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbìmọ̀ pọ̀ sí mi. Ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n. Kòkòrò tó wà ní ìdí ẹ̀fọ́ yẹn, èmi ni.

Mo yọ kọ́tìnnì náà lọ́jọ́ yẹn. Mo ra ìwé kan, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ tí a bá ti ṣíwọ́: ohun tí mo sọ, ẹni tí mo sọ ọ́ fún, bí ojú rẹ̀ ṣe rí nígbà tí mo sọ ọ́ tán. Báírò pupa yẹn ni mo fi ń máàkì ara mi báyìí. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ń fẹ́ẹ̀lì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, mo jágbe mọ́ tíṣà kan nítorí ṣọ́ọ̀kì. Ní Mọ́ńdè kan, mo dé lẹ́yìn aago mẹ́jọ, mo kọ orúkọ mi sí abẹ́ ìlà pupa. Àwọn tíṣà wo ara wọn. Wọ́n rò pé pàkúté ni.

Nígbà tí Mísísì Ọláìtán padà sẹ́nu iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo wọn. Ó sáré dì mí mú. Ó ní, "Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rù ni, ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìdáríjì. Láti ìgbà náà kò pẹ́ mọ́. Aago méje kò ní tíì lù tán, ó ti dé. Ìlà kejì, orúkọ rẹ̀, lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí yóò wẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí orúkọ yẹn níbẹ̀ ni inú mi máa ń bàjẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run, nígbà tí àdúrà padà sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mi ò gbàdúrà lórí ọ̀tá mọ́. Mo ní, "Olúwa, jẹ́ kí ẹ̀rù mi kúrò lára obìnrin yìí." Àdúrà kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, aago mẹ́jọ lù, kò tíì dé. Mo fa ìlà pupa, mo ń wo ìta. Ó ti lé ní ogún ìṣẹ́jú, ni mo bá rí i láti orí àga mi, ó ń bọ̀ lórí pápá. Kò sáré. Ó ń rìn. Ó wọlé, kò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó kàn tẹríba díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kí àgbà.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Mo pẹ́ lónìí. Bàbá mi ló ní kí n dúró ti àwọn kí a jọ jẹun."

Ó mú báírò, ó kọ aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó gbójú sókè, ó wò mí lójú.

Mo ní, "Ṣé bàbá jẹun dáadáa?"

Ó ní, "Wọ́n jẹ, mà." Ó bá lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún. Mi ò sọ pé ó ti dárí jì mí. Mi ò bi í. Màmá yẹn kò ní padà wá, bẹ́ẹ̀ ni bàbá yóò máa bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹjọ́ títí ayé. Ọ̀tá tí ẹ bá mi gbàdúrà lé lórí lọ́dún tó kọjá, òun ló dúró níwájú yín yìí, ẹ má sì sinmi àdúrà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo wá fi ògo fún Ọlọ́run lórí nǹkan kan ṣoṣo yìí. Obìnrin kan pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò sì bẹ̀rù mi. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ báyìí, òun ni kí ẹ pa á fún.